Sípíkà mẹ́fà, wáyà kan ṣoṣo: ṣé kí n ra sáúndì káàdì ni?

Ọmọ Ọbantokò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fowó ṣòfò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra sípíkà 5.1 tọ́kunbọ̀ lọ́wọ́ bọ̀dá kan ní Láfẹnwá, wúfà ńlá kan àti kéékèèké márùn-ún, ara ẹ̀ ṣì ń dán, a fi fóònù tàn án wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó dún débi pé ìyá tó ń ta ẹ̀pà níwájú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo gbé e délé, mo ki wáyà tó bá a wá bọ inú kọ̀ǹpútà, iwájú méjì àti wúfà nìkan ló ń dún, àwọn mẹ́ta yòókù pa lọ́lọ́. Mo yí gbogbo bọ́tìnì, mo gbọ̀n wọ́n, mo pààrọ̀ wọn síra wọn, kò sí nǹkan kan. Mo padà sí Láfẹnwá, bọ̀dá yìí ní sípíkà òun ò ṣàìsàn o, kọ̀ǹpútà mi ni ò lágbára, ó ní sáúndì tí wọ́n rọ mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà yẹn, ò lè gbé sípíkà mẹ́fà láéláé, àfi kí n ra sáúndì káàdì, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn jáde fún kọ̀ǹpútà, ẹ wá wo nǹkan, òun sì ní ọ̀kan nílẹ̀.

Fíìmù alẹ́ ni mo fẹ́ máa fi wò, pẹ̀lú géèmù díẹ̀ tí àwọn ọmọ bá ti sùn, àti orin lọ́jọ́ Sunday. Mi ò kọrin, mi ò ní stúdíò. Ìyàwó mi sì ti sọ ọ́ fún mi pé tí wáyà tí mo tẹ́ sí pálọ̀ yìí bá kọ́ ọmọ òun lẹ́sẹ̀ pẹ́nrẹ́n, inú odò Ògùn lòun máa kó gbogbo ẹ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé òótọ́ ni bọ̀dá yẹn ń sọ àbí ó kàn fẹ́ ta ọjà ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Aṣérò

Àbúrò, kú ilé. Fi owó ẹ sápò ná. Lọ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ẹ wò, kó o ka àwọn ihò róbótó tó ní àwọ̀ lára yẹn, ìyẹn ló máa sọ bóyá o nílò káàdì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun ní Aṣérò yìí, mo sì ti rí ẹni tó ra káàdì olówó gọbọi nígbà tó jẹ́ pé ihò mẹ́fà wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ẹ̀ látilẹ̀ wá, eruku ti dí wọn pa ni.

Bó ṣe rí nìyí. Orí wáyà kékeré tá a fi ń gbọ́ fóònù yẹn, 3.5 mm, ohùn méjì péré ló ń gbé, tọ̀tún àti tòsì. Sípíkà ẹ ń retí ohùn mẹ́fà: iwájú méjì, ẹ̀yìn méjì, àárín kan, wúfà kan. Tó o bá pín mẹ́fà sí méjì méjì, wáyà mẹ́ta nìyẹn, wáyà mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ rí ihò mẹ́ta wọ̀. Ìwọ wá fi wáyà kan ṣoṣo pe àwọn mẹ́fà, àwọn tó gbọ́ ló dáhùn.

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àwọ̀ ewé ni ti iwájú, dúdú ni ti ẹ̀yìn, àwọ̀ ọsàn ni ti àárín àti wúfà, àwọ̀ eérú ni ti ẹ̀gbẹ́ fún àwọn tó ní 7.1, ìyẹn sípíkà mẹ́jọ. Búlúù ni ti ohùn tó ń wọlé, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti máìkì. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ló wà, ewé, búlúù àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́, má tíì sunkún, lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó ń lo ṣípù ohùn Realtek o lè wọnú ètò ẹ̀ lọ kó o sọ búlúù di ti ẹ̀yìn, kó o sọ ti máìkì di ti àárín àti wúfà. Máìkì ẹ nìkan ló máa di aláìnílé.

Torí náà ọ̀rọ̀ pé ti ara bọ́ọ̀dù ò lè gbé sípíkà mẹ́fà láéláé, irọ́ ni. Látìgbà tí Intel ti gbé HD Audio, ìlànà ohùn fún ara bọ́ọ̀dù, jáde ní 2004 ni ohùn mẹ́jọ ti di nǹkan tí bọ́ọ̀dù lè gbé. ALC892, ALC897, ALC1220, gbogbo àwọn nọ́ńbà Realtek tó o máa ń rí lára páálí bọ́ọ̀dù yẹn, mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń gbé. Tí ihò ẹ bá pé, tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kọ mmsys.cpl, mú sípíkà ẹ, tẹ Configure, yan 5.1, kó o wá máa tẹ sípíkà kọ̀ọ̀kan tó yà síbẹ̀ kó dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò dé ibẹ̀ yẹn rí, Windows ṣì rò pé sípíkà méjì ni wọ́n ní.

Lọ kà á wá.

Bàbá Kàfé Ìtòkú

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí kábàámọ̀ o. Èmi tí mo wà nídìí kọ̀ǹpútà látìgbà tí wẹ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní kàfé, mo mọ ohun tójú wa rí lọ́wọ́ sáúndì ara bọ́ọ̀dù. Tó o bá ti gbé máòsì báyìí wàá gbọ́ ọ nínú sípíkà, ṣììì, ṣììì, tí díìsìkì bá ń yí wàá gbọ́ ọ, tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ bá ṣí lẹ́tà Yahoo ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wàá gbọ́ ọ. Ọjọ́ tá a ki káàdì Sound Blaster Live! ti iléeṣẹ́ Creative bọ ọ̀kan nínú wọn, àwọn ọmọ tó ń ṣe géèmù lórí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọ̀tá ń dún lẹ́yìn wọn gan-an, ohùn ń ta lára ògiri bíi pé wẹ́n wà nínú ihò àpáta Olúmọ. EAX ni wẹ́n ń pè é. Ohun tí Creative ṣe nígbà yẹn kì í ṣe eré ọmọdé, Sound Blaster àkọ́kọ́ 1989, Live! 1998, Audigy 2001, X-Fi 2005, mo mọ gbogbo wọn bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Káàdì ni káàdì ń jẹ́. Rà á jàre.

Ẹ̀gbọ́n Aṣérò

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú àtijọ́. Mi ò bá yín jiyàn, bó ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Windows Vista dé níbẹ̀rẹ̀ 2007. Kó tó dé, géèmù lè bá káàdì sọ̀rọ̀ tààrà, káàdì fúnra ẹ̀ á ṣírò ibi tí ohùn ti ń bọ̀ àti bó ṣe ń ta padà, EAX tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn nìyẹn. Vista ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Windows ló ń po ohùn pọ̀ fúnra ẹ̀ báyìí, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń lò, Creative wá ní láti ṣe ètò kan tó ń jẹ́ ALchemy kí àwọn géèmù àtijọ́ lè tún máa dún bó ṣe yẹ. Látìgbà náà ohun tó kù tí káàdì lè fi ju bọ́ọ̀dù lọ ò pọ̀: ohùn ẹ̀ lè mọ́ jù, ihò ẹ̀ lè pọ̀ jù, ó lè ti íápíìsì ńlá dáadáa jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tá tó ń dún lẹ́yìn yẹn, bọ́ọ̀dù lásán ń ṣe é lónìí.

Ká ní 2003 la wà ni, èmi gan-an ni màá tẹ̀ lé e lọ rà á.

Ọmọ Ọbantokò

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé Bàbá. Mo ti kà á o, ọ̀rọ̀ sì ti yíwọ́. Kọ̀ǹpútà mi, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó jáde látinú ọ́fíìsì òyìnbó yẹn ni, tọ́kunbọ̀, Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti rà á lọ́dún tó kọjá. Ihò kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan tún wà níwájú tí wọ́n ya íápíìsì sí. Kan ṣoṣo! Mo wọ mmsys.cpl bẹ́ ẹ ṣe wí, 5.1 ò tiẹ̀ sí níbẹ̀, stereo, ohùn méjì yẹn, nìkan ló ń gbé síwájú mi.

Sípíkà náà ńkọ́, mo yí wúfà padà, ihò mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, irú ti DVD ayé àtijọ́ yẹn, pupa àti funfun. Wọ́n kọ AUX sí méjì, wọ́n kọ FL, FR (iwájú), SL, SR (ẹ̀yìn), CEN (àárín) àti SW (wúfà) sí mẹ́fà yòókù. Bọ́tìnì kan sì wà níwájú tó ń yí láàárín AUX àti 5.1, AUX ló wà látọjọ́ tí mo ti rà á. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Nǹkan míì tún rèé, wọ́n kọ 12000W PMPO gàdàgbà sára ẹ̀, ṣé kò ní jó wáyà ilé mi báyìí? Onílé mi ò fẹ́ràn wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n Aṣérò

Hàà. Bọ̀dá Láfẹnwá ti já sí òótọ́ láìmọ̀ nìyẹn. Ohun tó sọ nípa bọ́ọ̀dù, irọ́ ṣì ni, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tìẹ gan-an, ihò kan ò lè di mẹ́ta, kò sí sẹ́tìn tó lè ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ṣípù inú ẹ̀ lè gbé mẹ́fà o, wọn ò kàn fa ìyókù jáde síta ni, ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì ò retí pé kí akọ̀wé máa wo fíìmù ogun nídìí ẹ̀. Torí náà ìwọ nílò káàdì, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà fún tìẹ. Bàbá, ẹ má yọ̀ jù.

Àmọ́ má ra tọwọ́ bọ̀dá yẹn láìwò ó. Àwọn káàdì ayé Live! àti Audigy àkọ́kọ́, ojú PCI, ihò gígùn àtijọ́ tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lára bọ́ọ̀dù, ni wọ́n ń wọ̀, bọ́ọ̀dù ìsinsìnyí ò ní in mọ́, PCI Express ló kù, èyí kúkúrú tí wọ́n ń pè ní x1 ni wàá wá. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tún ní wàhálà tiẹ̀, irin tó wà nídìí káàdì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kúkúrú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdérí kọ̀ǹpútà ẹ ò ní pa dé, aláǹgbá á sì rílé.

12000W? Fi í rẹ́rìn-ín. PMPO, ẹnu ọlọ́jà ni, oníkálukú ló ń ka tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Wo ẹ̀yìn wúfà níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń fà látinú sọ́kẹ́ẹ̀tì sí, tó bá jẹ́ 80W ló ń fà, níbo ló ti fẹ́ rí 12000 tó máa pọ̀ síta? RMS, agbára tó lè gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni nọ́ńbà tó yẹ kéèyàn bèèrè tó bá ń ra sípíkà. Onílé ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àfi tó o bá yí i sókè.

Adùkẹ́ Mídíà

Ẹ kúulé o gbogbo ilé. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbarà, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn so irú ẹ̀ nílé. Bọ̀dá Ọbantokò, ẹ má wulẹ̀ tú kọ̀ǹpútà yín rárá. Àpótí kékeré kan wà tó ń lo USB, ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń wà lára ẹ̀, ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ti àárín pẹ̀lú wúfà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò wọ́n, ṣípù CM6206 ti C-Media ló wà nínú wọn. Àwọn kan máa ń sọ pé USB ò lè gbé ohùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń wọn ohùn fíìmù DVD, 16 bit ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mẹ́fà lọ́po rẹ̀, ó jẹ́ bíi mílíọ̀nù bit mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. USB àkọ́kọ́ pàápàá ń gbé mílíọ̀nù 12. Ẹ rí i pé àyè ṣì kù dáadáa. Tówó bá wà lọ́wọ́, Creative ní Sound Blaster Omni Surround 5.1, Asus ní Xonar U5, USB làwọn náà.

Ohun kan wà o tó ti mú mi rí, mi ò fẹ́ kó mú yín. Èyí tó rí bíi flash kékeré, tí wọ́n kọ 7.1 sára ẹ̀, ihò méjì péré ló ní, ọ̀kan íápíìsì ọ̀kan máìkì. Mo ra méjì lẹ́ẹ̀kan, inú mi ń dùn, mo délé mo wá ihò yòókù títí, mo tiẹ̀ fi ọ̀bẹ ṣí ike ìdí ẹ̀ bóyá wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. 7.1 yẹn àfarawé ni, inú íápíìsì ló ti máa ń ṣe bíi pé ohùn ń yí yín ká, ohùn méjì náà ló ń jáde. Wọ́n ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí dòní.

Wáyà tẹ́ ẹ máa rà pọ̀ mọ́ ọn, mẹ́ta ni, orí 3.5 mm ní ìpẹ̀kun kan, pupa àti funfun ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ yí bọ́tìnì iwájú yẹn sí 5.1.

Ọ̀rọ̀ ariwo tí Bàbá sọ, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀ torí ibẹ̀ lówó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù. Òótọ́ ni pé inú kọ̀ǹpútà kún fún ariwo, pàápàá ihò iwájú yẹn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín gbogbo nǹkan kọjá ló gbé ohùn débẹ̀. USB máa ń mú ohùn kúrò nínú àpótí kí ariwo yẹn tó bà á, ó ń ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní Abẹ́òkúta yìí, iná ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀daràn. Iná wa 50 Hz ni, ó ń yípo nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá gbọ́ hùùù tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró, 50 tàbí 100 Hz nìyẹn, kò sí káàdì tó máa wò ó sàn. Ẹ yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ fi sípíkà sílẹ̀ ní títàn. Tí hùùù bá ṣì wà, inú sípíkà tàbí iná tó ń jẹ ni. Tó bá dákẹ́, á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àti sípíkà ń gba ọ̀nà méjì lọ sílẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì ló ń gba inú wáyà ohùn yín kọjá. Ẹ ki àwọn méjèèjì sórí ẹ̀sténṣọ̀n kan náà, lọ́pọ̀ ìgbà ibẹ̀ náà ló máa parí sí.

Ẹ dákun ẹ má ṣe ohun tí àwọn kan ń ṣe, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì kí ariwo lè dákẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ tí nǹkan bá jó nínú kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ara ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló máa di ọ̀nà. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wo wáyà ẹ́ẹ̀tì ilé yín. Ilé kan wà tí mo lọ ní Adátán, wáyà ẹ́ẹ̀tì wà nínú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó mà dé ẹ̀yìn mítà, wọ́n ká a jọ síbẹ̀ bí ẹní, kò dé ilẹ̀ rí!

Ọmọ Ìlẹ̀wó

Ẹ kú àlàyé. Kí n fi èyí kún un fún àwọn míì tó ń kà á: tó bá jẹ́ pé amplifáyà tó ní HDMI lẹ ní, ẹ má ra káàdì kankan, HDMI ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ń gbé ohùn mẹ́jọ lọ síbẹ̀ láìfún wọn pọ̀. Optical, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, ò rí bẹ́ẹ̀ o, ohùn méjì ló lè gbé bí wọ́n ṣe wà, tó bá máa gbé mẹ́fà àfi kí wọ́n ti fún un pọ̀ sínú Dolby Digital tàbí DTS. Fíìmù DVD ti wà ní fífún pọ̀ tẹ́lẹ̀ torí náà kò sí wàhálà, géèmù ni ò fún ara ẹ̀ pọ̀, ó di dandan kí kọ̀ǹpútà yín ní Dolby Digital Live tàbí DTS Connect tó máa fún un pọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iwájú méjì nìkan lẹ máa gbọ́. Èmi ń lo sípíkà Logitech Z906, ó ní optical ó sì tún ní ojú ohùn mẹ́fà, ojú ohùn mẹ́fà ni mo fi ń ṣe géèmù.

Ọmọ Ọbantokò

Tèmi ò ní HDMI, kò ní optical, pupa àti funfun ni Ọlọ́run fún mi. Ẹ ṣeun gidi gan-an, àǹtí Adùkẹ́ pàápàá, màá wá àpótí USB yẹn lọ, tí mo bá rà á màá padà wá jíhìn.

Ọmọ Ọbantokò

Mo ti dé o. Mo wọ reluwé ní Láderin láàárọ̀ Sátidé, mo sọ̀ ní Agége, mo gba ibẹ̀ dé Ìkẹjà, ọjà kọ̀ǹpútà. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo bi, flash 7.1 ni wọ́n nà sí mi, mo ní mo ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìkẹrin ló gbé àpótí oníhò mẹ́rin jáde, mo kà á níṣojú ẹ̀, ó ń wò mí bíi pé orí mi ò pé. Mo ra wáyà mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọn.

Mo délé, mo so ó, Windows mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, 5.1 yọ ní Configure, mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ọ̀tún dún, ẹ̀yìn òsì dún, mo fò sókè. Nǹkan mẹ́ta ló wá kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Àkọ́kọ́, nínú fíìmù, ohùn èèyàn ò hàn rárá, ó ń ti inú wúfà jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá omi, sípíkà àárín sì ń gbọ̀n gìrìgìrì bíi pé ó fẹ́ bẹ́. Èkejì, tí mo bá fi orin sí i, àwọn ẹ̀yìn tún dákẹ́. Ẹ̀kẹta, tá a bá wà lórí iná, ó dáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mú iná lọ tá a sì bọ́ sórí inverter, á máa ké zzzz, zzzz. Mo ti ki gbogbo ẹ̀ sórí ẹ̀sténṣọ̀n kan.

Ẹ̀gbọ́n Aṣérò

Àkọ́kọ́ yẹn rọrùn, o fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán. Àárín àti wúfà jọ ń gba inú wáyà kan ni, ọ̀kan wà ní ọ̀tún ọ̀kan wà ní òsì, àwọn tó ṣe àpótí yẹn àtàwọn tó ṣe sípíkà ẹ ò fẹnu kò lórí èwo ló máa wà níbo. Yọ pupa àti funfun ìdí wáyà kẹta yẹn kúrò lára wúfà, fi pupa sí ibi tí funfun wà, fi funfun sí ibi tí pupa wà. Ó tán. Ohùn wúfà, tí wọ́n ń pè ní .1 yẹn, kì í ju nǹkan bí 120 Hz lọ, ààrá àti ìbọn ńlá ló wà fún, o wá kó wọn lé sípíkà kékeré àárín, ló fi ń gbọ̀n.

Orin tí ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dákẹ́, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ohùn méjì ni wọ́n gbà á sí, Windows sì ń gbé e lọ síbi tó yẹ. Àwo Ebenezer Obey tí bàbá ẹ ń gbọ́, ohùn kan tàbí méjì ni wọ́n fi gbà á, kò sẹ́ni tó gba ìlù kankan sí ẹ̀yìn àga ẹ. Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá náà, stereo ni. Ètò àwọn àpótí kan máa ń jẹ́ kó o da iwájú kọ ẹ̀yìn kí gbogbo ẹ̀ lè pariwo, tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣe é, lójoojúmọ́ mi ò gbà ọ́ nímọ̀ràn ẹ̀, olórin á wà níwájú ẹ á tún wà lẹ́yìn ẹ, orí á máa fọ́ ẹ.

Níbo lo tiẹ̀ gbé àwọn ẹ̀yìn sí?

Adùkẹ́ Mídíà

Ti inverter yẹn, ẹ wò ó lára, tí wọ́n bá kọ modified sine wave sí i, iná tó ń tú jáde ò yípo bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń fò láti àtẹ̀gùn kan sí èkejì, àtẹ̀gùn yẹn lẹ̀ ń gbọ́ zzzz. Kì í ṣe ẹ̀bi àpótí USB yín. Èyí tó jẹ́ pure sine wave kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó wọ́n díẹ̀ ni. Títí owó ẹ̀ fi máa dé, ẹ jẹ́ kí wáyà ohùn jìnnà sí wáyà iná, tó bá di dandan kí wọ́n pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má sùn ti ara wọn. Ó máa dínkù, kò ní lọ tán.

Ọmọ Ọbantokò

Ẹ̀gbọ́n! Mo pààrọ̀ pupa àti funfun, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti ń já gaara. Mo wá ń ronú pé bọ̀dá tó tà á fún mi ì bá ti sọ èyí fún mi, dípò kó máa sọ pé kọ̀ǹpútà mi ò lágbára. Modified sine wave ló wà lára inverter lóòótọ́, mo máa fara dà á.

Àwọn ẹ̀yìn, orí ògiri ẹ̀yìn pátápátá ni mo gbé wọn kọ́ sí, lókè lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, kí ọwọ́ ọmọ má bàa tó o.

Ẹ̀gbọ́n Aṣérò

Mo mọ̀. Wọ́n jìnnà jù nìyẹn. Jókòó sórí àga tó o ti ń wo fíìmù, kọjú sí TV. Àwọn iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ bíi digrí 30 sí ibi tí imú ẹ kọjú sí. Àwọn ẹ̀yìn, orúkọ yẹn ló ń tan èèyàn jẹ, wọn kì í wà lẹ́yìn gangan, digrí 110 tàbí nítòsí ẹ̀ ni, ìyẹn ni pé wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ etí ẹ, wọ́n kàn fà sẹ́yìn díẹ̀. Tọ́rọ́ wọn wálẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù kí wọ́n ga ju etí ẹ díẹ̀ péré. Wúfà ò ní àyè kan pàtó, kó sáà má wà ní kọ̀rọ̀ ògiri tó bá jẹ́ pé onílé ẹ ló wà ní òdìkejì. Gba inú ẹsẹ̀ ògiri fa wáyà, fi ìṣó kéékèèké tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìyàwó ẹ á dárí jì ẹ́.

Ọmọ Ọbantokò

Mo ti tọ́rọ́ wọn wálẹ̀ lánàá. Lálẹ́ a wo fíìmù kan tí òjò ń rọ̀ nínú ẹ̀, ìyàwó mi dìde lọ ká aṣọ lórí okùn. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ odò Ògùn látìgbà náà. Ọmọ ti fi láfún kun ojú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn ṣá, mo ti nù ún, ó ṣì ń dún.

Bàbá Kàfé Ìtòkú

Mo ní ẹ ra káàdì, ẹ bá mi jiyàn, ẹ rà á náà. Mo ti gbà. Adùkẹ́ ọmọ mi, flash 7.1 méjì tó o ní o kó sínú dúrọ́ọ̀ yẹn, ṣé máìkì wọn ń ṣiṣẹ́? Máìkì láptọ́ọ̀pù mi ti kú, àwọn ọmọ mi ò gbọ́ mi mọ́ tí wẹ́n bá pè mí láti òkè òkun.

Adùkẹ́ Mídíà

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sà. Màá mú ọ̀kan wá sí Ìtòkú lọ́jọ́ Tuesday tí mo bá ń lọ ra àdìrẹ, ẹ bá mi wá íápíìsì tó ní máìkì sílẹ̀, kó jẹ́ irú olórí méjì o, olórí kan ò ní bá ihò ẹ̀ mu.